Tommy Douglas

Thomas Clement Douglas, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tommy Douglas (ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1904 – ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1986), jẹ́ àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi àti olóṣèlú ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Òun ni olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Saskatchewan láti ọdún 1944 títí di ọdún 1961, òun sì ni olórí àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú New Democratic Party (NDP) ní, láti ọdún 1961 sí 1971. Ohun tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ará Kánádà títí dòní ni ètò ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí aláìsàn lè wọ ilé ìwòsàn kí ó sì rí dókítà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ka owó sílẹ̀. Saskatchewan ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀rùn: nítorí rẹ̀ ni àwọn dókítà ìpínlẹ̀ náà fi yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 23 ní ọdún 1962.

Ìgbà èwe

Ìlú Camelon, lẹ́bàá Falkirk, ni wọ́n bí Douglas sí. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Thomas, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìdárin, ó sì ti jagun rí ní Gúúsù Áfíríkà nígbà ogun àwọn Boer. Annie Clement ni orúkọ ìyá rẹ̀. Kí ìdílé náà tó kúrò ní Skọ́tlándì, ọmọ náà ṣubú, ó sì fi orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣèṣe. Egbò náà wọ inú eegun lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra, ṣùgbọ́n bí ó bá jinná lónìí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ní ọdún 1910 wọ́n kó lọ sí Winnipeg, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, àrùn eegun ọ̀hún sì bá wọn débẹ̀.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ní Winnipeg sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé gígé ni àwọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Owó tí wọn ì bá fi wá oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ eegun dunjú kò sí lọ́wọ́ wọn. Oríire ọmọ náà ni pé ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ abẹ kan rí i ní wọ́ọ̀dù, ó sì gbà láti tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí àwọn òbí rẹ̀ bá lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa wo bí òun ṣe ń ṣe é. Wọ́n gbà, ẹsẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ ayùn. Gbogbo ọjọ́ ayé Douglas ni ó fi ń sọ ìtàn yìí, kì í sì í ṣe inúure oníṣègùn náà nìkan ni ó ń tọ́ka sí nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí kì í bá ṣe pé àìsàn òun wúlò fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni òun ì bá jẹ́, nítorí pé bàbá òun jẹ́ tálákà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbà gbọ́ pé kò yẹ kí ẹsẹ̀ ọmọ ẹnikẹ́ni máa dúró lórí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní bàbá rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìyá àti àwọn ọmọ sì lọ gbé ní Glasgow títí ogun fi parí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Winnipeg ni ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1919 bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Douglas àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gun orí òrùlé ilé kan ní òpópónà Main Street. Láti òkè ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn ọlọ́pàá agẹṣin tí wọ́n ya lu àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú kùmọ̀ àti ìbọn. Ènìyàn méjì ni ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Douglas nígbà náà.

Ó wọṣẹ́ ìtẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ga, kò sì sanra. Ní ọdún 1922 ó gba ipò abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ìpínlẹ̀ Manitoba ní ìpele àwọn tí ara wọn fúyẹ́, kò sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Imú kan tí ó ṣẹ́ àti eyín mélòó kan ni ó fi san owó oyè náà. Àwọn tí wọ́n bá a jiyàn ní ilé aṣòfin lẹ́yìn náà rí i pé ìwà ìgbà èwe yìí kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Àlùfáà ní Weyburn

Ní ọdún 1924 ó wọ Brandon College, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Manitoba, láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà. Ọdún mẹ́fà ni ó lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ni Stanley Knowles, tí òun náà di gbajúmọ̀ aṣòfin lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wọ Douglas lọ́kàn jù ní Brandon ni ti àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń kọ́ni pé ìyìn rere Kristi kò pin sí ọ̀rọ̀ ọ̀run, pé ojúṣe ìjọ ni láti rí i pé ebi kò pa ènìyàn, pé ilé kò wó lé e lórí. Ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Irma Dempsey, tí ń kọ́ ìmọ̀ orin. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1930, ní ọdún náà gan-an ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi Calvary ní ìlú Weyburn ní Saskatchewan fi í joyè àlùfáà.

Àkókò tí ó dé Weyburn burú púpọ̀. Àlìkámà ni gbogbo ìpínlẹ̀ náà ń gbìn tà, iye owó àlìkámà ní ọjà àgbáyé sì já wálẹ̀ lójijì. Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀dá dé, ilẹ̀ gbẹ, ìjì sì ń gbé erùpẹ̀ oko títí ojú ọ̀run fi ń ṣú ní ọ̀sán gangan. Àgbẹ̀ tí kò rí nǹkan kórè kò rí gbèsè báǹkì san, dókítà tí ó wà ní abúlé rẹ̀ kò sì rí owó gbà. Ìjọ Calvary di ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àti aṣọ fún àwọn aláìní. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mẹ́ta ní Estevan, ìlú tí kò jìnnà sí Weyburn, nígbà tí àwọn awakùsà èédú ń yanṣẹ́ lódì nítorí owó iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yìn àwọn awakùsà ni àlùfáà ọ̀dọ́ náà wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ayé rẹ̀ ní àsìkò yìí tí àwọn alátakò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó tán nílẹ̀, tí kò sì yẹ kí a fi bò mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè kejì ní Yunifásítì McMaster ní ọdún 1933 dá lé àwọn ìdílé tí ó kà sí aláìpé ní ọpọlọ tàbí ní ìwà. Nínú rẹ̀ ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ìjọba máa fún àwọn kan ní ìwé ẹ̀rí ìlera kí wọ́n tó lè gbéyàwó, kí a kó àwọn kan sọ́tọ̀, kí a sì sọ àwọn mìíràn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Èrò yìí gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà, òfin irú rẹ̀ sì ti wà ní Alberta, ìpínlẹ̀ tí ó múlé gbe Saskatchewan. Ní ọdún 1936 Douglas rìnrìn àjò lọ sí Jámánì, ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ìjọba Hitler ń gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di olórí ìjọba tí ó tún jẹ́ mínísítà ètò ìlera, àbọ̀ ìwádìí méjì dé iwájú rẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Saskatchewan ṣe irú òfin ti Alberta. Kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Wíwọ òṣèlú

Ní ọdún 1932 àwọn àgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀mọ̀wé kan pàdé ní Calgary, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú Co-operative Commonwealth Federation (CCF) sílẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń lé ni pé kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ó má ṣe wà lọ́wọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ díẹ̀, kí ìyípadà náà sì wá nípa ìbò, kì í ṣe nípa ìjà. Douglas díje fún ìjókòó ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 1934, ó fìdí rẹmi. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó díje fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Ottawa láti ẹkùn Weyburn, ó sì wọlé.

Ní Ottawa kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó lè mú gbogbo ilé rẹ́rìn-ín kí ó tó gún wọn lọ́rọ̀. Ìtàn kan tí ó máa ń sọ lórí pèpéle ìpolongo ni ti àwọn eku tí wọ́n ń dìbò yan ológbò dúdú lónìí, ológbò funfun lọ́la, tí ìyà wọn kò sì dín, títí eku kan fi dábàá pé kí wọ́n yan eku bíi tiwọn. Clarie Gillis, aṣòfin CCF láti Nova Scotia, ni ó kọ́kọ́ ń sọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n Douglas ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Kánádà mọ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n rán an lọ sí Hong Kong pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Winnipeg Grenadiers, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àwọn dókítà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ hàn, wọ́n sì dá a dúró sílé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1941 ọwọ́ Jàpáàn tẹ Hong Kong. Àwọn Grenadiers tí wọn kò kú síbẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n ogun.

Olórí ìjọba Saskatchewan

Ní ọdún 1942 Douglas di olórí CCF ní Saskatchewan, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1944 ẹgbẹ́ náà sì gba ìjókòó 47 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù fún ẹgbẹ́ Liberal tí ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Àríwá Amẹ́ríkà tí ẹgbẹ́ onísósíálístì ti gba ìjọba rí ṣáájú èyí. Ìdìbò márùn-ún léraléra ni Douglas borí: 1944, 1948, 1952, 1956 àti 1960.

Gbèsè ni ó bá nílẹ̀, kò sì nífẹ̀ẹ́ sí gbèsè rárá. Ó máa ń sọ pé ìjọba tí ó jẹ báǹkì ní gbèsè kò ní òmìnira láti ṣe ohun tí ó fẹ́, nítorí náà ó ń san gbèsè bí ó ti ń dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ilé aṣòfin ṣe òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n máa lé àgbẹ̀ kúrò nínú ilé àti oko rẹ̀ nítorí gbèsè, àti òfin tí ó fún àwọn òṣìṣẹ́, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1947 Saskatchewan ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọdún kan ó lé kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè tó gbé ìkéde tirẹ̀ jáde. Òfin náà kà á léèwọ̀ láti fi àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìtura tàbí ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ náà kò dé títí di ọdún 1960. Èyí pẹ́ jù fún ìjọba tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ará ìlú lásán ṣe ń bá ìjọba pàdé ni ó yí padà jù lọ. Ṣáájú Douglas, ohun tí àgbẹ̀ Saskatchewan mọ̀ sí ìjọba kò ju agbowó-orí, ọlọ́pàá àti ẹni tí ń wá ìbò lọ. Ní ọdún 1946 ìjọba dá ètò adójútòfò ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìwé àṣẹ ọkọ̀: ẹni tí ó bá lọ gba nọ́ḿbà ọkọ̀ rẹ̀ ti san owó adójútòfò nìyẹn, ẹni tí ọkọ̀ bá sì gbá yóò rí owó ìtọ́jú gbà láìjẹ́ pé ó bá awakọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà lọ sí àwọn oko tí ó jìnnà síra wọn, ibi tí oníṣòwò aládàáni kò fẹ́ dé nítorí pé èrè kò sí níbẹ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ tí ó ń fi àtùpà kẹrosíìnì dáná alẹ́ mọ ọjọ́ tí iná dé ilé rẹ̀ ju ọjọ́ ìdìbò lọ. Ní ọdún 1946 náà ni ọkọ̀ òfurufú ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn aláìsàn láti abúlé lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà òjò dídì, nígbà tí ọ̀nà bá ti dí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó yọrí sí rere. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bàtà, ilé iṣẹ́ awọ àti ilé iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn sílẹ̀, gbogbo wọn jẹ owó, wọ́n sì tì wọ́n pa. Douglas kò fi agídí dì mọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn nípa ìṣẹ̀dá rẹ̀, bíi iná, tẹlifóònù àti adójútòfò, ni ìjọba rẹ̀ tẹra mọ́.

Ètò ìlera

Èrò pé kí àwọn ènìyàn parapọ̀ san owó dókítà kò ti ọwọ́ Douglas bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1915 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Saskatchewan ti ń dá owó jọ láti fi gba dókítà kan fún abúlé wọn, kí ó má bàa ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ohun tí Douglas ṣe ni pé ó sọ àṣà abúlé di òfin ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1944 ó pe Henry Sigerist, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtàn ìṣègùn ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, láti wá wo bí ìlera ìpínlẹ̀ náà ṣe rí, ó sì fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀. Ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ àti ti ọpọlọ di ọ̀fẹ́, àwọn arúgbó tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì náà sì bọ́ lọ́wọ́ owó dókítà. Ní ọdún 1946 agbègbè Swift Current dán ètò kan wò tí ó kó dókítà àti ilé ìwòsàn pọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1947, adójútòfò ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ará Saskatchewan. Dọ́là 5 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún, owó ìdílé kan kò sì gbọdọ̀ ju dọ́là 30 lọ, bí ó ti wù kí ọmọ pọ̀ tó. Káàdì kan ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú un dé ilé ìwòsàn kò tún ní bẹ̀rù ìwé owó tí yóò tẹ̀ lé e délé. Irú rẹ̀ kò tíì sí ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Kánádà.

Owó dókítà ni ó kù. Ọdún méjìlá ni Douglas fi dúró kí ó tó dé ibẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ ná owó tí kò sí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ní ọdún 1957 pé òun yóò máa san nǹkan bí ìdajì owó ilé ìwòsàn fún ìpínlẹ̀ tí ó bá ní irú ètò náà, ọwọ́ Saskatchewan tú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959 Douglas kéde lórí rédíò pé ìjọba òun fẹ́ ṣe ètò tí yóò san owó dókítà fún gbogbo ènìyàn. Ìlànà márùn-ún ni ó là sílẹ̀: kí a máa san owó ṣáájú àìsàn, kí ó kan gbogbo ènìyàn, kí ìtọ́jú má ṣe burú sí i, kí àwọn tí ń darí rẹ̀ máa jíhìn fún ìlú, kí ó sì tẹ́ aláìsàn àti oníṣègùn lọ́rùn. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó di wàhálà.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà dá owó jọ, wọ́n sì wọ ìpolongo ìbò ọdún 1960 bí ẹni pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n. Wọ́n ń pín ìwé kiri pé ìjọba yóò máa yọjú sí ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn, pé àwọn dókítà rere yóò ṣí lọ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹni tí ń sanwó ni yóò máa pàṣẹ, pé bí ìjọba bá di ẹnì kan ṣoṣo tí ń san owó iṣẹ́ wọn, wọn yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba bíi akọ̀wé. Àwọn olùdìbò gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì, wọ́n sì dá CCF padà sípò. Ilé aṣòfin ṣe òfin náà ní oṣù kọkànlá ọdún 1961.

Ní oṣù yẹn gan-an ni Douglas fi ipò sílẹ̀ láti lọ darí ẹgbẹ́ tuntun ní Ottawa, Woodrow Lloyd, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di olóṣèlú, sì gba ipò rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ó sá fún ìjà tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò jọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìdìbò, ó sì san gbèsè rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé Lloyd ni ẹrù náà já lé léjìká, ìyìn tí ó tọ́ sí i kò sì tíì kún tó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1962 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ dókítà Saskatchewan ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn díẹ̀ nìkan ni ó dúró ní àwọn ilé ìwòsàn kan fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ ọwọ́ kan kú nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń wakọ̀ kiri láti wá dókítà. Ìdílé pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rẹ́ kò kí ọ̀rẹ́ mọ́, àwọn ìwé ìròyìn ìpínlẹ̀ náà sì wà lẹ́yìn àwọn dókítà. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe lé àwọn dókítà lọ pe ìwọ́de ńlá sí iwájú ilé aṣòfin ní Regina ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá kéré púpọ̀ sí iye tí wọ́n retí. Ìjọba kó dókítà wá láti Brítéènì àti ibòmíràn. Àwọn ará ìlú kan dá ilé ìwòsàn alájùmọ̀ní tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì gba dókítà síbẹ̀.

Stephen Taylor, dókítà tí ó tún jẹ́ aṣòfin ọlọ́lá ní Brítéènì, tí ó mọ bí wọ́n ṣe dá irú ètò náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀, ni ó wá là wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò fẹ́ jókòó nínú yàrá kan náà, nítorí náà òun ni ó ń rìn láàrin wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Saskatoon. Àwọn dókítà gbà kí ètò tí ó kan gbogbo ènìyàn dúró; ìjọba gbà pé dókítà kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun. Dókítà tí ó bá fẹ́ lè kọ ìwé owó rẹ̀ sí ìjọba, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ ọ́ sí aláìsàn, kí aláìsàn náà sì lọ gba owó padà. Láàrin ọdún mélòó kan, àwọn dókítà tí ó pọ̀ jù ni ó rí i pé owó ìjọba tètè ń wọlé ju owó tí wọ́n ń bẹ àgbẹ̀ fún lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Liberal gba ìjọba ní ọdún 1964, wọn kò fagi lé ètò náà.

Ní Ottawa lẹ́ẹ̀kejì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961 ni CCF àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti parapọ̀ di NDP, tí wọ́n sì yan Douglas ní olórí. Ìdìbò àkọ́kọ́ tí ó darí kò sàn fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1962, ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn dókítà tó yanṣẹ́ lódì, àwọn ará Regina já a kulẹ̀ nítorí ètò ìlera tí ìbínú rẹ̀ ṣì gbóná. Ó ní láti lọ sí British Columbia, ní òdì kejì àwọn òkè ńlá, kí ó tó rí ìjókòó gbà ní ìdìbò àfidípò ní Burnaby–Coquitlam ní oṣù kẹwàá. Kò pa dà díje ní Saskatchewan mọ́.

NDP kò gba ìjọba àpapọ̀ rí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1963 sí 1968 ìjọba Lester Pearson kò ní àwọn aṣòfin tí ó tó láti dá dúró, ó sì nílò ìbò àwọn ẹgbẹ́ kékeré. Ẹlẹ́gbẹ́ mìíràn tí Douglas kò retí ni Emmett Hall, adájọ́ láti Saskatchewan tí ìjọba Conservative ti John Diefenbaker fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí ìlera. Àwọn dókítà rò pé tiwọn ni Hall yóò ṣe. Ní ọdún 1964 ó gbé àbọ̀ jáde pé kí gbogbo Kánádà ṣe bíi Saskatchewan. Òfin Ìtọ́jú Ìṣègùn jáde ní ọdún 1966, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1972 gbogbo ìpínlẹ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Ìgbà tí ó dá dúró jù lọ nínú òṣèlú ni oṣù kẹwàá ọdún 1970. Àwọn ajìjàgbara Quebec jí aṣojú Brítéènì kan àti mínísítà ìpínlẹ̀ Quebec kan gbé. Wọ́n pa mínísítà náà. Pierre Trudeau, Alákòóso Àgbà, fi Òfin Ìgbà Ogun lélẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí ọlọ́pàá lè mú ènìyàn láìsí ẹ̀sùn. Nínú ìbẹ̀rù yẹn, Douglas àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò lòdì sí i. Àwọn 16 péré ni ó dìbò bẹ́ẹ̀, àwọn 190 fara mọ́ ìjọba. Wọ́n bú wọn ní ilé aṣòfin, wọ́n sì bú wọn ní ìgboro. Àwọn ènìyàn tó ju 400 lọ ni ọlọ́pàá kó, àwọn tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n tú sílẹ̀ láìsí ẹjọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé Douglas ni ó rí i dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ fúnra wọn ti ń ṣọ́ ọ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì, nítorí pé wọ́n fura sí i pé ó ń bá àwọn kọ́múnísítì rìn. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ará ìlú tó gbọ́ nípa fáìlì yìí.

Ọjọ́ ìkẹyìn

David Lewis gba ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1971. Douglas ṣì jókòó ní ilé aṣòfin fún ẹkùn Nanaimo–Cowichan–The Islands títí di ọdún 1979, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti iná ni ó sì ń mójú tó jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi oyè gíga jù nínú Order of Canada dá a lọ́lá ní ọdún 1981. Ní ọdún 1984 bọ́ọ̀sì kan gbá a ní Ottawa. Ó bọ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti lé ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe Òfin Ìlera Kánádà, tí ó mú òpin bá owó àfikún tí àwọn dókítà kan ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn.

Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní Ottawa ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1986, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Beechwood. Ọmọbìnrin méjì ni òun àti Irma ní: Shirley Douglas, gbajúmọ̀ òṣèré, àti Joan, tí wọ́n gbà tọ́. Kiefer Sutherland tí ń ṣeré nínú fíìmù ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọmọ Shirley. Ní ọdún 2004, nígbà tí iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ CBC ní kí àwọn ará Kánádà dìbò yan ẹni tí ó tóbi jù nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wọn, Douglas ni wọ́n yàn. Ère rẹ̀ wà ní Weyburn láti ọdún 2010, ilé ìjọsìn Calvary níbi tí ó ti ń wàásù sì ti di gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.